Ọwọ́ Ìyá Mi àti Ìwé Bíṣọ́ọ̀bù Durham

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014 ni ìyá mi sùn nínú Olúwa ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn tí ó ti fi ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún ṣe iṣẹ́ àdìrẹ. Nínú gbogbo ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ tí a lọ gba òkú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni mo rántí jù lọ. Aró ti wọ abẹ́ èékánná rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó ti jókòó sínú ìlà àtẹ́lẹwọ́, kò sì sí ọṣẹ tí ó lè fọ̀ ọ́ kúrò. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí ó bá ń bu oúnjẹ fún wa, a máa ń rí àwọ̀ náà létí ìka rẹ̀, ó sì di ohun tí a fi ń dá ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ láàárín ọwọ́ gbogbo obìnrin tí ó wà ní agbo ilé. Àwọn tí ó wẹ̀ ẹ́ ní mọ́ṣúárì ti ń fi kànìnkànìn ha èékánná náà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì sọ fún wọn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà ìsìn ìsìnkú, oníwàásù sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti gbọ́ níbi ìsìnkú tí kò lóǹkà, tí èmi fúnra mi sì ti fi tu ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú. Ó ní ohun tí ó wà nínú pósí yẹn kì í ṣe Màmá. Àgọ́ lásán ni, aṣọ tí ó ti bọ́ sílẹ̀ ni, Màmá fúnra rẹ̀ ti délé. Ó ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Gbogbo ìjọ ṣe àmín, èmi náà sì ṣe é. Ṣùgbọ́n bí àmín náà ti ń jáde lẹ́nu mi ni ohun kan ń sọ nínú mi pé ọwọ́ tí ó wà nínú pósí yẹn ni ó wẹ̀ mí, òun ni ó san owó iléèwé mi, òun ni ó sì gbá mi létí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ purọ́ fún un. Bí ọwọ́ yẹn kì í bá ṣe ìyá mi, mi ò mọ ohun tí à ń pè ní ìyá mi. Mi ò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, nítorí mo rò pé àìnígbàgbọ́ ni.

Láti ọdún 1996 ni mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní ìjọ Áńgílíkà wa, iṣẹ́ olùkọ́ kan náà sì ni mo fi ń jẹun láàárín ọ̀sẹ̀. Bí ẹnìkan bá bi mí nígbà náà pé kí ni ìhìn rere, ìdáhùn mi kì í gùn. Jésù kú fún ẹ̀ṣẹ̀ wa, ẹni tí ó bá gbà á gbọ́ yóò lọ sí ọ̀run lẹ́yìn ikú, ayé yìí yóò sì jóná. Àjíǹde Jésù ni ẹ̀rí pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mi ò rí ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú ìdáhùn yìí.

Nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìsìnkú náà, àlùfáà kan tí ó ti jẹ́ ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà èwe wá kí mi, mo sì tú ọ̀rọ̀ ọwọ́ ìyá mi sílẹ̀ fún un. Mo rò pé yóò bá mi wí. Kò bá mi wí. Nígbà tí ó tún padà wá, ó mú ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń já dání, ó ní, “Tíṣà, ẹ ka èyí. Ẹ má bá mi jà o, kí ẹ tó kà á tán.” Surprised by Hope ni orúkọ ìwé náà, ọdún 2007 ni ó kọ́kọ́ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni N. T. Wright, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Tom Wright. Wọ́n bí i ní ọdún 1948 ní ìlú Morpeth ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Oxford, ó sì ṣe Bíṣọ́ọ̀bù Durham láti ọdún 2003 sí 2010, kí ó tó padà sídìí iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì St Andrews ní Scotland.

Irú ẹni tí ó jẹ́ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀, nítorí mo ti ka ìwé àwọn onímọ̀ Bíbélì kan rí tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì parí rẹ̀ sí pé Jésù kò jí dìde. Irú rẹ̀ ni mo ń retí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí gba àjíǹde Jésù gbọ́ jù mí lọ, nítorí ìyẹn gan-an ni ó sì fi sọ pé ohun tí mo ń kọ́ àwọn ènìyàn kò tó.

Bí mo bá gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú, ohun tí ó sọ ni pé lílọ sí ọ̀run lẹ́yìn ikú kì í ṣe òpin ìrìn àjò onígbàgbọ́. Ẹni tí ó bá kú nínú Krístì wà lọ́dọ̀ Krístì nínú ìsinmi, gẹ́gẹ́ bí Jésù ti ṣèlérí fún olè orí àgbélébùú pé lónìí ni yóò wà pẹ̀lú òun ní Párádísè. Àmọ́ àtìpó ni ẹni náà wà níbẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí a túmọ̀ sí “ibùgbé” nínú Jòhánù 14 jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń lò fún ibi tí arìnrìn-àjò ń yà sí kí ó tó máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ ń lọ sí ni ọjọ́ tí Ọlọ́run yóò sọ ọ̀run àti ayé di tuntun, tí yóò so méjèèjì pọ̀, tí yóò sì jí àwọn ènìyàn rẹ̀ dìde pẹ̀lú ara tí kò lè kú mọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe fún Jésù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta.

Inú bí mi. Mo pa ìwé náà dé, mi ò sì ṣí i fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá mi kò tíì pé ọdún kan nínú ilẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń ki ara mi láyà ni pé ó ti délé, òyìnbó kan sì jókòó sí ìlú rẹ̀, ó ń sọ fún mi pé ibi tí ó wà kì í ṣe ilé.

Nígbà tí mo tún ṣí i, mo gbé Bíbélì Yorùbá tì í, èyí tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, mo sì pinnu pé gbogbo ẹsẹ tí ó bá tọ́ka sí ni n ó yẹ̀ wò fúnra mi títí n ó fi rí ibi tí ó ti ṣìnà. Ẹsẹ tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ni 1 Tẹsalóníkà 4:17, tí ó sọ pé a ó gbé wa lọ nínú àwọsánmà láti pàdé Olúwa ní ojú ọ̀run. Mo rò pé ibẹ̀ ni yóò ti dákẹ́. Kò dákẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ tí Pọ́ọ̀lù lò níbẹ̀, apantesis, ni wọ́n máa ń lò nígbà tí ọba tàbí ènìyàn ńlá kan bá ń bọ̀ wá bẹ ìlú wò. Àwọn ará ìlú yóò jáde lọ pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi, kì í ṣe kí wọ́n lè bá a lọ sí ibi tí ó ti wá, bí kò ṣe kí wọ́n lè sìn ín wọ ìlú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó wà nínú àkàwé àwọn wúńdíá mẹ́wàá, nígbà tí igbe ta lóru pé kí wọ́n jáde lọ pàdé ọkọ ìyàwó. Ó sì tún wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 28:15, níbi tí àwọn ará ti Róòmù jáde wá pàdé Pọ́ọ̀lù lọ́nà, tí wọ́n sì jọ wọ ìlú náà.

Mo gbé ìwé náà sórí itan mi. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá gbọ́wọ́ lé àwọn ènìyàn lórí ní ìjọ abúlé bàbá mi. Láti ìdájí ni wọ́n ti gbá àyíká ṣọ́ọ̀ṣì, tí ìyá mi àti àwọn ìyá ìjọ yòókù ti ń se oúnjẹ. Nígbà tí oòrùn yọ dáadáa, gbogbo wa rìn jáde kúrò lábúlé títí dé ibi afárá, àwọn ọmọ iléèwé pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́, àwọn onílù níwájú, àwọn àgbàlagbà lẹ́yìn. A dúró nínú oòrùn títí ẹsẹ̀ fi ń ro wá. Nígbà tí ọkọ̀ bíṣọ́ọ̀bù yọ nínú eruku, ìlù yí ohùn padà, bàbá náà sọ̀ kalẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn láàárín wa wọ abúlé. Kò sí ọmọdé kan nínú wa tí ó rò pé nítorí pé a lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà, a ó bá a padà sí Abẹ́òkúta. Ilé wa ni a ń mú un bọ̀. Mo ti ka ẹsẹ Tẹsalóníkà yẹn fún ohun tí ó ju ogún ọdún lọ, mo sì fi Yorùbá kà á, tí ọ̀rọ̀ náà “pàdé” wà níbẹ̀ gbangba, síbẹ̀ mi ò ronú kan afárá yẹn rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Fílípì 3:20, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé ọ̀run ni ìlú tí a jẹ́ ọmọ rẹ̀ wà. Mo ti fi ẹsẹ yẹn wàásù pé a ń lọ. Wright rán mi létí pé ìlú tí àwọn ará Róòmù tẹ̀dó sí ni Fílípì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pín ilẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́yìn ogun ọdún 42 ṣáájú ìbí Krístì. Ọmọ Róòmù tí ó wà ní Fílípì kò retí pé òun yóò padà lọ gbé Róòmù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó mú ìṣe Róòmù wá sí ibi tí ó wà, bí nǹkan bá sì le, ọba ni yóò ti Róòmù wá gbà á. Ìdajì kejì ẹsẹ náà, tí mo máa ń yára kọjá, sì sọ pé láti ibẹ̀ ni a ti ń retí Olùgbàlà. Nígbà tí mo dé Ìfihàn 21, tí mo rí i pé ìlú mímọ́ ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run wá, pé kì í ṣe àwọn ènìyàn ni ó ń gòkè lọ bá a, mo dẹ́kun ìjà. Àdúrà tí mo ti ń gbà láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ni pé kí ìjọba rẹ̀ dé, kí a ṣe ìfẹ́ rẹ̀ ní ayé bí ti ọ̀run. Mi ò tíì gbàdúrà lọ́jọ́ kan pé kí á kúrò kí á lọ bá ìjọba náà.

Ibì kan wà tí mo rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kàn wá tààrà. Plato, amòye Gíríìkì àtijọ́, ni ó di ẹ̀bi púpọ̀ rù, pé láti ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni àwọn onígbàgbọ́ ti mú èrò pé ẹ̀wọ̀n ni ara jẹ́ fún ọkàn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù, ṣùgbọ́n àwa kò gbọ́ orúkọ Plato kí á tó máa wí pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Nígbà tí àwọn oníwàásù dé Abẹ́òkúta ní àwọn ọdún 1840, mo gbà pé wọ́n bá òwe náà nílẹ̀ ni, ó sì bá apá kan ìwàásù wọn mu wẹ́kú, a wá ń pa á lórí àga ìwàásù títí a fi gbàgbé pé kò sí nínú Bíbélì. Mi ò sọ pé òwe náà burú, nítorí ó ti ki ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ̀ nígbà tí ọrọ̀ fẹ́ gbé wọn lọ. Àwọn baba ńlá kan náà tí wọ́n pa á ni wọ́n sì ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé; mi ò fi àtúnwá wé àjíǹde, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọkàn wọn kò gbà pé kí ẹni tí ó bá lọ lọ pátápátá. Ìyá mi ná ọjà Ìtòkú títí agbára rẹ̀ fi tán, mi ò sì rí ọjọ́ kan tí ó fi ìdọ̀tí sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ rẹ̀ nítorí pé ilé ni òun ń lọ lálẹ́. Yóò gbá tirẹ̀, yóò sì gbá ti obìnrin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo ṣe àṣìṣe kan ní àkókò yìí tí ó ṣì ń dùn mí. Nígbà tí a ń ṣe ìrántí ọdún kan, lẹ́yìn tí àwọn àlejò ti lọ, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìkòkò aró, ó ní ọkàn òun balẹ̀ pé Màmá ti délé. Ìwé ti kún mi nínú, mo sì dáhùn pé Màmá kò tíì délé o, ibi ìsinmi ni wọ́n wà. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Ṣé ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Ìwọ tí èmi àti ẹ jọ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n mí kanlẹ̀?” Ó dìde, ó wọlé, kò sì gbé fóònù mi fún oṣù mẹ́ta. Òótọ́ ni ohun tí mo sọ lójú tèmi, ṣùgbọ́n mo yọ igi kan tí ó fara tì, mi ò sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Wright fúnra rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ó tó sọ pé ibi ìsinmi kì í ṣe òpin, ó ti kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ Krístì wà lọ́dọ̀ Krístì, kò sì sí ohun tí ó lè já a gbà. Mo ti fo apá yẹn nítorí ìkánjú.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní London ni ó ra ìwé ńlá Wright fún mi, The Resurrection of the Son of God, tí ó jáde ní ọdún 2003. Ó lé ní 700 ojú ìwé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà mí ní ọdún kan, nítorí alẹ́ nìkan ni mo lè kà á, iná mànàmáná kò sì dúró. Ohun tí mo jèrè níbẹ̀ ni pé mo mọ bí ọ̀rọ̀ àjíǹde ti ṣàjèjì tó ní ọgọ́rùn-ún ọdún àkọ́kọ́. Àwọn Kèfèrí gbà pé òkú kì í jí. Púpọ̀ nínú àwọn Júù gbà pé òkú yóò jí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìkẹyìn ni, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tí ó ń retí pé ẹnìkan ṣoṣo yóò ṣáájú. Ó tún tọ́ka sí àwọn mìíràn tí wọ́n pe ara wọn ní ẹni tí Ọlọ́run rán láti gba Ísírẹ́lì là, tí àwọn ará Róòmù sì pa. Nígbà tí wọ́n pa Simon bar Giora ní Róòmù lẹ́yìn tí Jerúsálẹ́mù ṣubú ní ọdún 70, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kò sọ pé ó jí dìde. Bí wọ́n bá ti pa olórí, àwọn ènìyàn rẹ̀ á túká, tàbí kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Jákọ́bù, arákùnrin Jésù, wà láàyè, ó sì jẹ́ ẹni tí gbogbo wọn bọ̀wọ̀ fún, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó pè é ní Krístì. Wright sì béèrè ìbéèrè kan tí èmi, tí àwọn obìnrin tọ́ dàgbà, kò béèrè rí: bí ó bá jẹ́ pé wọ́n hùmọ̀ ìtàn náà ni, kí ló dé tí wọ́n fi àwọn obìnrin ṣe ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́, nígbà tí ọ̀rọ̀ obìnrin kò wúwo nílé ẹjọ́ nígbà náà?

Mo ti gba àjíǹde gbọ́ kí n tó ka ìwé yìí. Ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́ bí ẹni tí ó gba ìtàn ìdílé ẹlòmíràn gbọ́ ni. Ẹ̀mí Jésù tí ó wà láàyè ní ibìkan ni mo ń rò. Ìwé náà fà mí padà sídìí ohun tí Lúùkù àti Jòhánù kọ sílẹ̀, pé ó jẹun, pé wọ́n lè fọwọ́ kàn án, pé ó na ọwọ́ sí Tọ́másì, àpá ìṣó sì wà níbẹ̀. Ara tuntun ni, ìlẹ̀kùn títì kò dá a dúró, ṣùgbọ́n ara kan náà tí wọ́n kàn mọ́ igi ni, ibojì sì ṣófo. Alẹ́ tí mo ka ibẹ̀, mo pa àtùpà, mo sì sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ kíláàsì àgbàlagbà ní nǹkan wọ̀nyí, àwọn kan yọ̀, àwọn mìíràn kò yọ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ka 2 Pétérù 3 sí mi létí, níbi tí a ti sọ pé ayé àti iṣẹ́ inú rẹ̀ yóò jóná, ó ní kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Ìbéèrè rere ni. Mo sọ fún un pé nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ Gíríìkì tí ó lọ́jọ́ lórí jù, ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò túmọ̀ sí “jóná”. Ó súnmọ́ pé a ó rí wọn, pé a ó tú wọn sí gbangba, bí ìgbà tí iná alágbẹ̀dẹ bá yọ ìdàrọ́ kúrò tí irin gidi sì hàn. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Láìpẹ́, àwọn tí ó ń bójú tó ìjọ ní kí n sinmi kíkọ́ni fún ìgbà díẹ̀, oṣù méje ni mo sì fi jókòó sí àga ẹ̀yìn. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò bínú sí wọn títí di òní. Èmi náà ti pa ìwé kan náà dé fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Àkókò tí mo fi jókòó yẹn ni mo ka apá ìkẹyìn Surprised by Hope ní àkàtúnkà, mo sì rí i pé mo ti fojú fo ohun tí ó le jù níbẹ̀. Wright sọ níbẹ̀ pé bí Ọlọ́run yóò bá sọ ayé yìí dọ̀tun, ohun tí a ń ṣe nínú rẹ̀ nísinsìnyí ṣe pàtàkì. Ẹsẹ tí ó fi ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ni 1 Kọ́ríńtì 15:58. Lẹ́yìn tí Pọ́ọ̀lù ti fi odindi orí kan sọ̀rọ̀ àjíǹde, kò sọ pé kí wọ́n jókòó máa retí. Ó ní iṣẹ́ yín kì í ṣe asán nínú Olúwa. Wright fi í wé iṣẹ́ ẹni tí ń gbẹ́ òkúta fún kàtídírà ńlá, tí kò mọ ibi tí wọn yóò fi òkúta tirẹ̀ sí. Èmi kò gbẹ́ òkúta rí, ṣùgbọ́n mo ti bá ìyá mi fi ìko di aṣọ. A ó máa di í ní kókó kókó láti àárọ̀ títí ìka á fi máa ta wá, aṣọ náà á rún jọ bí ẹ̀kísà, ọmọ tí ń di í kò sì ní rí àpẹẹrẹ kankan. Inú aró ni wọn yóò rì í sí, wọn á fà á yọ, àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, yóò sì máa di búlúù díẹ̀díẹ̀ lójú wa. Ọjọ́ tí wọ́n bá tú ìko náà ni a tó ń rí ohun tí a ṣe.

Nínú apá yẹn kan náà ni ó ti sọ̀rọ̀ gbèsè tí àwọn orílẹ̀-èdè tálákà jẹ àwọn ọlọ́rọ̀, tí ó fi í wé òwò ẹrú, tí ó sì ní ẹni tí ó bá gba àjíǹde gbọ́ kò gbọ́dọ̀ sọ pé kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Ní ọdún 2005, ọdún méjì kí ìwé náà tó jáde, ni Paris Club, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ń yáni lówó, gbà láti fagi lé nǹkan bí bílíọ̀nù 18 dọ́là nínú gbèsè Nàìjíríà, tí àwa sì san nǹkan bí bílíọ̀nù 12. Mo rántí pé mo gbọ́ ọ lórí rédíò, mi ò sì fi í kún ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ rárá. Ṣùgbọ́n ìwé gbèsè kan wà nínú àpótí mi. Ìyá mi ní ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kan tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń bá a kọ orúkọ àwọn oníbàárà àwìn sí, ìka aró rẹ̀ sì wà lára ojú ewé kọ̀ọ̀kan níbi tí ó ti máa ń ṣí i. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni mo ti ń fi ìwé náà gba owó kiri. Obìnrin kan ní Ìtòkú jẹ 14,000 náírà, ó sì ti sá fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé fóònù lọ́jọ́ yẹn, mo sì bi í bóyá a lè fi owó náà jì wọ́n. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ìpè ti já. Ó ní, “Àwa méjèèjì la máa jọ lọ sọ fún wọn.” Ọjọ́ méjì ni ó gbà wá láti rìn ín tán. Obìnrin tí ó máa ń sá fún mi jókòó sílẹ̀ nínú ìsọ̀ rẹ̀, ó sì fi ìborùn bo ojú.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí bíṣọ́ọ̀bù yìí sọ ni mo gbé mì. Bàbá bàbá mi kú gẹ́gẹ́ bí babaláwo, olóòótọ́ ènìyàn ni gbogbo abúlé jẹ́rìí sí. Wright kò gba ìwàásù iná tí a tọ́ mi dàgbà pẹ̀lú rẹ̀, kò sì gbà pé gbogbo ènìyàn ni yóò là dandan. Ó ní ẹni tí ó bá ń sin ohun tí kì í ṣe Ọlọ́run láìyí padà yóò máa jọ ohun tí ó ń sìn, títí àwòrán Ọlọ́run yóò fi tán lára rẹ̀ pátápátá. Mo ti ka ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Mi ò lè bá bàbá àgbà pàdé nínú gbólóhùn yẹn. Mo rántí ojú rẹ̀, mo sì rántí bí ó ti máa ń bá igi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí ó tó já ewé lára rẹ̀. Mo ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún Onídàájọ́ tí ó mọ̀ ọ́n, mo sì ń bá ìwé náà jiyàn níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Wọ́n ti dá mi padà sí kíláàsì. Ní ọdún tí mo padà, mo sọ fún wọn pé Wright fẹ́ kí á máa fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣe ọdún Àjíǹde, kí ayọ̀ rẹ̀ ju ìgbààwẹ̀ Lẹ́ńtì tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwa ti ń lọ sí Gálílì, ìjáde ìgbafẹ́ ìjọ wa, ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde kí wọ́n tó bí i. Lóòótọ́ ni, a sì lọ lọ́dún náà pẹ̀lú ìrẹsì àti ìlù. Nígbà tí a dé lálẹ́, ẹ̀gbọ́n mi bá mi wá sílé, ó tú àpò rẹ̀, ó sì yọ aṣọ tí Màmá rẹ kẹ́yìn, èyí tí wọn kò tíì tú ìko rẹ̀ nígbà tí àìsàn dá wọn dúró. Ó ti fi í pamọ́ láti ọdún 2014. A jókòó sílẹ̀, a ń fi abẹ felẹ́felẹ́ gé ìko náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí á má baà gé aṣọ.

Láìgbé ojú sókè, ó ní, “Ọjọ́ àjíǹde tí o ń sọ yẹn, ṣé aró á ṣì wà léèékánná wọn?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀. Àpá ìṣó wà lọ́wọ́ Jésù.”

Ó ronú sí i. Lẹ́yìn náà ó fa etí aṣọ kan, èmi náà fa ìkejì, a sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ lábẹ́ iná.